Rẹ́kọ́dà Freeview oní-túnà méjì: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Àbẹ̀kẹ́_SE15

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Rẹ́kọ́dà Freeview (tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ ilẹ̀ UK tí antẹ́nà ń gbà) oní-túnà méjì ni mo fẹ́ rà fún ilé kan ní Peckham, London. Túnà ni ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń gba àmì tẹlifíṣàn. Antẹ́nà wà lórí òrùlé, wáyà ẹyọ kan ló sì wọ pálọ̀. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ ni ìjà máa ń wà: ẹnì kan fẹ́ gba eré BBC One sílẹ̀, ẹnì kejì fẹ́ ti ITV1, ẹnì kẹta fẹ́ máa wo nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ṣé túnà méjì tó fún èyí? Ṣé mo ní láti fa wáyà kejì? Ṣé 500GB tó, àbí kí n ra 1TB? Wọ́n tún ní kí n kúkú lo ti sátẹ́láìtì, torí díìṣì àtijọ́ kan ṣì wà lára ògiri.

Wáyà_Dúdú

Àǹtí, ẹ má fa wáyà kejì fún Freeview. Ẹyọ kan tó, inú rẹ́kọ́dà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in fún túnà méjèèjì. Àwọn àtijọ́ kan ló yàtọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn padà, ẹ ó rí ihò mẹ́rin, IN àti OUT fún túnà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáyà kúkúrú kan tó so OUT ti àkọ́kọ́ mọ́ IN ti èkejì. Bí ẹ bá ra àlòkù tí wáyà kékeré yẹn ti sọnù lára rẹ̀, túnà kejì ti di adití nìyẹn. Ẹ ò sì ní tètè fura, torí àwòrán á máa jáde geere. Ọjọ́ tí ẹ bá ń gba eré méjì sílẹ̀ pọ̀ ni ọ̀kan máa ṣófo.

Ti sátẹ́láìtì ni wáyà méjì ti pọn dandan. Orí díìṣì, ìyẹn LNB, kì í kó gbogbo ìkànnì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Túnà ló ń fi iná 13V tàbí 18V, pẹ̀lú àmì 22kHz, sọ èyí tó fẹ́ nínú ìdá mẹ́rin, ìdá kan yẹn nìkan ni wáyà á sì gbé wálé. Wáyà kan kò lè jẹ́ àṣẹ méjì. Bó bá jẹ́ Sky Q (tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì olówó) ni wọ́n ti fi díìṣì yẹn ṣe, irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní wideband ni LNB rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́dà Freesat (ti sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́) àtijọ́ kò sì lè bá a ṣiṣẹ́. Bí wáyà kan ṣoṣo bá ló ti ibẹ̀ wọlé, ẹ fi díìṣì sílẹ̀, ẹ lo antẹ́nà yín.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ túnà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi owó ná. Túnà kan kì í mú ìkànnì kan, mux kan, ìyẹn àkójọ ìkànnì tó ń bọ̀ pọ̀ lórí ìgbì kan, ló ń mú. Mux mẹ́fà ni wọ́n pín Freeview sí, bí ọkọ̀ mẹ́fà tí oníkálukú gbé èrò tirẹ̀. Ọkọ̀ tí túnà bá wọ̀, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀.

Ó wá di báyìí. BBC One tí kì í ṣe HD wà nínú mux tó ń jẹ́ PSB1. ITV1, Channel 4 àti Channel 5 tí kì í ṣe HD wà nínú PSB2. Bí ẹ bá ń gba BBC One àti ITV1 sílẹ̀, iṣẹ́ ti bá túnà méjèèjì. Ẹnì kẹta lè wo Channel 4, nítorí ọkọ̀ kan náà ló bá ITV1 wọ̀, ṣùgbọ́n ìkànnì tó bá wà nínú mux kẹta kò ní ṣí. Kì í ṣe pé rẹ́kọ́dà bàjẹ́ o, túnà ló tán.

Ọ̀nà àbáyọ wà. BBC One HD, BBC Two HD, ITV1 HD, Channel 4 HD àti Channel 5 HD, nọ́ńbà 101 sí 105, inú PSB3 kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Tí ẹ bá gba eré méjèèjì sílẹ̀ ní HD, túnà kan lè ṣe é, èkejì á sì ṣófo fún ẹni tó ń wòran. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ́kọ́dà ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ṣì na túnà méjèèjì sórí mux kan náà. Ẹ ka ìwé ìlò rẹ̀ kí ẹ tó rà: iye eré tó lè gbà sílẹ̀ pọ̀, àti bóyá ó ń jẹ́ kí ẹ wo ìkànnì mìíràn lákòókò náà. Túnà méjì ni Manhattan T3-R ní, Humax Aura ní mẹ́ta. Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́ta bíi tiyín, túnà mẹ́ta ni èmi á fọwọ́ sí.

Ẹ sì rí i dájú pé DVB-T2, ìlànà tí Freeview fi ń gbé HD, wà lára rẹ̀. PSB3 kò ṣí lórí àlòkù tó jẹ́ DVB-T nìkan, ìyẹn ni pé ẹ ò rí HD kankan.

Ìyá_Ìbejì_CR0

Ẹ̀gbọ́n ti là á yé wa dáadáa. Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ túnà láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀: padding, ìyẹn ìṣẹ́jú tí ẹ fi kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin eré. Ká ní ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kún un. Eré tó parí ní aago mẹ́sàn-án lórí ìkànnì kan àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án lórí ìkànnì mìíràn á gorí ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, túnà méjì á sì lọ sí i. Ẹ pa padding, ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀ lé àmì tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fúnra wọn ń fi ránṣẹ́ nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Accurate Recording ni wọ́n ń pè é nínú sẹ́tìn-ìn. Bí eré bọ́ọ̀lù bá fa eré tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, rẹ́kọ́dà á dúró dè é.

Ní ti dísíkì, wákàtí kan HD máa ń jẹ bíi 3GB sí 4GB, èyí tí kì í ṣe HD ń jẹ 1GB sí 2GB. 500GB á gba nǹkan bí wákàtí 125 ti HD. Ó tó ilé tó ń wò tó ń pa rẹ́. Bí ẹ bá ń tọ́jú eré àtìgbàdégbà, ẹ ra 1TB. Ẹ má rò pé ẹ lè yọ dísíkì kúrò kí ẹ fi sínú òmíràn: wọ́n ti ti eré HD pa, rẹ́kọ́dà tó gbà á sílẹ̀ nìkan ló lè ṣí i.

Àbẹ̀kẹ́_SE15

Ẹ ṣeun, mo ti ń rí ọ̀nà. Bí mo bá rí àlòkù, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé dísíkì rẹ̀ ṣì dára? Tí mo bá sì ra tuntun lọ́jọ́ iwájú, ṣé mo lè gbé ti àkọ́kọ́ lọ fún màmá ní Ìbàdàn kó fi máa gba DStv sílẹ̀?

Wáyà_Dúdú

Ti Ìbàdàn kọ́kọ́ ná: kò lè ṣe é. Sátẹ́láìtì ni DStv, wọ́n sì ti tì í pa. Dekódà tiwọn nìkan ló ń ṣí i.

Ní ti àlòkù, ẹ gba eré ìṣẹ́jú ogún sílẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ń já níbì kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó ti já nígbà tí wọ́n ń gbà á. Ẹ wá ẹ̀bi sára antẹ́nà tàbí wáyà. Bó bá já níbí lẹ́ẹ̀kan, tó tún já níbòmíràn lẹ́ẹ̀kejì, dísíkì ló ń kú lọ. Ẹ tún fetí sí i: ìró fùùù jẹ́jẹ́ kò burú, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ tíkí-tíkí lásìkò tí àwòrán dúró gbagidi, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ tètè wo signal. Lójú sẹ́tìn-ìn tí wọ́n ti ń fi hàn, quality (bí àmì ṣe mọ́ tó) ṣe pàtàkì ju strength (agbára rẹ̀) lọ. Peckham kò jìnnà sí òpó Crystal Palace tó ń tan Freeview ká, agbára tó ń wọlé lè pọ̀ jù. Bí strength bá jẹ́ 100% tí àwòrán ṣì ń já, ẹ yọ booster (ohun tó ń fi kún agbára àmì) tó bá wà lójú wáyà. Bó bá ṣì ń já, ẹ fi attenuator 6dB (ohun tó ń dín agbára àmì kù) sí ẹ̀yìn rẹ́kọ́dà kí ẹ tún wò ó.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Kí n fi èyí kún un: lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ìkànnì wá, ẹ lọ wo nọ́ńbà 800 sókè. Bí ẹ bá rí BBC tàbí ITV níbẹ̀, rẹ́kọ́dà ti mú ìkànnì òpó mìíràn mọ́ ti Crystal Palace. Ó lè fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré sí nọ́ńbà 1, kí series link (ètò tó ń gba gbogbo apá eré kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀) sì máa gba àwòrán jáújàù sílẹ̀ lóròòru. Ẹ pa gbogbo ìkànnì náà rẹ́, ẹ fi ọwọ́ wá ti Crystal Palace, láti nọ́ńbà ìgbì UHF 22 dé 30 nìkan.