Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí àtifi aago wa bàálù, síbẹ̀ àyà mi ń já

Olùbéèrè, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀ òfuurufú. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí tó fún mi láyè láti máa fi aago ojú pátákó iwájú awakọ̀ nìkan wa bàálù nígbà tí ojú kò bá ríta. Ohun tó ń dùn mí ni pé olùkọ́ mi kò yé jágbe mọ́ mi lójú àwọn ẹlòmíràn, àwọn tí a jọ ṣe ìdánwò ń pè mí ní awakọ̀ orí ìwé, ìyàwó mi náà sì ń bi mí pé kí ni èrè ilẹ̀ Tankẹ tí a tà nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Mo ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti bo pápákọ̀, ọwọ́ mi á máa làágùn. Báwo ni mo ṣe lè nígboyà?

Ọmọ Ọ̀fà: Ọjọ́ tí èmi kọ́kọ́ wọ ìkùukùu, ara mi ń sọ pé ọkọ̀ ti tẹ̀ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ aago tó ń fi ìdúró ìyẹ́ hàn sọ pé ó tọ́. Omi inú etí ló ń tanni: bí ọkọ̀ bá rọra yí pẹ́, omi náà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, bí o bá sì tún un ṣe, yóò dà bíi pé òdìkejì lo tẹ̀ sí. Aago ni kí o gbà gbọ́.

Alhaja Awakọ̀: Ìtàn yín dára, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò bi í ní ìgbà tó fò kẹ́yìn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì fi aago sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín oṣù 6 kò lè dá wọ ìkùukùu gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun mà. Mo mọ ILS, ètò rédíò tó ń tọ́ bàálù sọ̀kalẹ̀ sí pápákọ̀, dunjú, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 200 ni ibi ìpinnu, níbi tí awakọ̀ ti ń pinnu bóyá kí ó balẹ̀ tàbí kí ó padà sókè. Olùkọ́ yẹn ni kò fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Àgbà Òmù-Àrán: Fi olùkọ́ sílẹ̀! Ẹsẹ̀ bàtà 200 kì í ṣe ti ẹni tuntun. Fún ara rẹ ní 1,000, kí o máa dín in kù bí ọwọ́ rẹ ṣe ń mọ́ ọn. Simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bí bàálù, nìkan náà tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Kò tó, bàbá. Ọ̀pọ̀ simulator kì í mú omi inú etí ṣe ohunkóhun.

Olùbéèrè: Ìbòjú, ohun tí a ń dé kí a má baà ríta, ni mo fi kọ́ gbogbo rẹ̀, n kò tíì wọ ìkùukùu gidi rí, n kò sì tíì fò láti ìgbà ìdánwò lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n mo ti gbà láti gbé oníṣòwò kan àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Àbújá ní Sátidé, wọ́n sì ti sanwó.

Alhaja Awakọ̀: Ẹ̀hẹ́n! Ṣé o ní ìwé-àṣẹ àtigbé èrò gbowó?

Olùbéèrè: Ọ̀rẹ́ ẹbí wa ni wọ́n, mà. Ta ni ó wà ní Ìlọrin ní Sátidé tó lè jókòó tì mí?

Alhaja Awakọ̀: Èmi wà nílé. Kọ́kọ́ dá owó wọn padà ná, kí àwa méjèèjì fò láìsí èrò.