Windows ni àbí Linux? Ìrírí wa lórí yíyan kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Ìkòròdú

Tíṣà Yorùbá, Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Iṣẹ́ tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò jọ ti àwọn tó ń gé fídíò: ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbéèrè ìdánwò, àkójọ máàkì, lẹ́tà sí àwọn òbí. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn lórí àti àmì nísàlẹ̀, torí ọmọ tó ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ rí i ní kíkọ lábùkù lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀.

HP EliteBook 840 G3 ni mo ń lò nígbà náà, tòkunbọ̀ ni, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 sì ni Microsoft dáwọ́ dúró lórí ìyẹn. Mo fẹ́ gbé e bọ́ sórí Windows 11, ó ní ẹ̀rọ mi kò yẹ. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ara tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò), Secure Boot (ìṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà wò), RAM tí kò dín ní 4GB àti àyè ìpamọ́ tí kò dín ní 64GB. Ó tún ní prósẹ́sọ̀ tó gbà àti èyí tí kò gbà. Ti Intel, ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀, àfi ẹyọ díẹ̀. i5-6300U ló wà nínú tèmi. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "i5-" yẹn ni kí ẹ máa wò: 6 ni ìran kẹfà, 8 ni ìran kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn tí ẹ̀rù ń bà lọ́kàn balẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní Windows 10 kò ní kú nítorí èyí, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Àmọ́ bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò bá yín dí i. Microsoft fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò àfikún àtúnṣe ààbò tí wọ́n ń pè ní ESU, òpin ọdún náà sì ni ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2026. Ní tèmi o, máàkì àwọn ọmọ ọlọ́mọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wọn ló wà níbẹ̀. Mi ò lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́.

Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ní kí n tà á, kí n fowó lé e, kí n ra òmíràn. Mo ti fẹ́ gba àjọ lásìkò yẹn, owó wà. Síbẹ̀ mi ò náwó kankan ná. Linux ni ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, Mint sì jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà rẹ̀. Mo fi dátà òru daunlóòdù Linux Mint, tó tó nǹkan bí 3GB, mo fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo ń tẹ F9 bó ṣe ń jí (ti HP nìyẹn, F12 ni ti ThinkPad àti Dell), mo ní kó gbéra láti orí fláàṣì.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. Linux lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ bá yọ fláàṣì tí ẹ sì tún un tàn, Windows yín wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Torí náà, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ fi ojú ara yín rí i. Mo dán Wi-Fi wò, mo dán ohùn àti kámẹ́rà wò, mo pa á dé kó sùn, mo ṣí i kí n mọ̀ bóyá yóò jí. Mo gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo so ó mọ́ projector ọ̀gá wa. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó máa ń fà díẹ̀ nítorí orí fláàṣì ló wà, kí ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àmì. Windows náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nínú Linux, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá lábẹ́ rẹ̀, Haúsá àti Ìgbò náà wà níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Compose, èyí tí mo wá ń lò jù. Ẹ yan bọ́tìnnì kan fún un, mo fi Alt ọwọ́ ọ̀tún ṣe tèmi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì ìyanu (!), mo tẹ e, ó di ẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì apostrophe ('), mo tẹ a, ó di á. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ ló gba sùúrù, nítorí wọn kò ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò: lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wá, àmì ohùn yóò wá gùn ún. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àwọn fọ́ńtì kan. Fọ́ńtì Noto àti DejaVu gbé e jókòó dáadáa. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde níta, ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ, kò ní yí padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo fi Mint sínú rẹ̀ pátápátá lẹ́yìn tí mo ti kó gbogbo fáìlì mi sórí hard disk tó dá dúró. LibreOffice bá a wá, òun ni mo fi ń ṣí Word àti Excel. Tábìlì ńlá inú Word lè sún díẹ̀ bó bá ṣí i, ìwé Excel tó bá sì ní macro (àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀) nínú lè má ṣiṣẹ́. Ìwé èsì tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò ní macro. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo ti ń kún ìyẹn.

Àjọ tí mo gbà wá ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin wọlé sí yunifásítì LASUSTECH, kọ̀ǹpútà kan kò lè pín láàárín wa mọ́. Mo fún un ní EliteBook, mo ra Lenovo ThinkPad T480. Nítorí iná ni mo ṣe yàn án. Bátìrì méjì ló máa ń wà nínú T480, ọ̀kan nínú ikùn rẹ̀, èkejì lẹ́yìn, tí ẹ lè yọ kí ẹ sì fi òmíràn sí i láìpa kọ̀ǹpútà. Ó tún ń gba iná láti ojú USB-C. Ìran kẹjọ ni prósẹ́sọ̀ rẹ̀, ó lè gbé Windows 11, òun náà ló sì bá a wá. Linux náà ni mo tún fi sí i. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, mo sì fẹ́ràn pé èmi ni mò ń pinnu ìgbà tí yóò fi dátà mi ṣe àtúnṣe ara rẹ̀.

Alátẹ̀wé Sábó

Tíṣà, ẹ kú àlàyé, ó ṣe kedere. Èmi kò lọ sórí Linux o, n kò sì ní lọ láìpẹ́. Káàdì ìgbéyàwó, pósítà ìsìnkú, bánà ilé ìjọsìn ni oúnjẹ mi, CorelDRAW ni gbogbo wa fi ń ṣe é ní àdúgbò yìí. CorelDRAW kò ní ti Linux lónìí, Photoshop náà kò ní. Wọ́n ní kí n lo Inkscape, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Mo lò ó, ó dára gan-an fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ oníbàárà á gbé fáìlì CorelDRAW (CDR) ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, á ní kí n yí déètì nìkan. Mo ṣí irú rẹ̀ nínú Inkscape, lẹ́tà ti kúrò níbi tó wà, àwọ̀ ti yí. Mi ò lè fi iṣẹ́ ọlọ́jọ́ ìsìnkú ṣe ìdánrawò.

Ohun tí mo lè fi kún un ni bí mo ṣe ra tèmi. Mo wọ BRT dé Maryland, mo wọ ọkọ̀ Ìkẹjà, mo dé Computer Village. Kí n tó sọ̀rọ̀ owó, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Mo ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, mo kọ powercfg /batteryreport. Yóò sọ ibi tó tọ́jú ìwé kan sí. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ wo Design Capacity, ẹ wo Full Charge Capacity. Èkíní ni agbára bátìrì nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, èkejì ni ohun tó kù. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, owó bátìrì tuntun ti wà lórí yín nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Mo tún máa ń kọ tpm.msc kí n rí i pé 2.0 ló wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó wà, wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni, ìyẹn ojú ìṣètò tí ẹ lè wọ̀ kí Windows tó jí.

Ẹ wọ BIOS náà kí ẹ tó sanwó! Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ ti ilé iṣẹ́ òkè òkun tẹ́lẹ̀, àwọn kan ṣì ní ọ̀rọ̀ aṣínà BIOS tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tà fún mi ní ẹ̀rọ tó mọ́ bí ojú, kò gbà kí n dé BIOS, ó ní kí n fọkàn tán òun. Mo dìde. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, bàbá tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì fún mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ra Dell Latitude 7490, ìran kẹjọ, pẹ̀lú SSD, disk tó yára tí kò ní irin tó ń yí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀gbọ́n Alátẹ̀wé, ẹ ṣeun fún ti bátìrì yẹn, mo ṣe é nísinsìnyí lórí tèmi. Èmi kó méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan: Windows fún eré bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ kíláàsì tó bá gbà á, Ubuntu (ẹ̀yà Linux mìíràn) fún Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, yóò bi mí èwo ni mo fẹ́.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Windows 11 ló ti fi BitLocker tàbí irú rẹ̀ ti disk pa láìsọ fún ẹni tó ni ín. Ẹ wọ orí àkáǹtì Microsoft yín, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot tàbí kí ẹ tó pín disk. Bó bá béèrè rẹ̀ tí ẹ kò sì ní in, gbogbo fáìlì yín ti há sínú nìyẹn.

Àti pé bí kọ̀ǹpútà yín bá ń falẹ̀, ẹ wò ó bóyá hard disk onírìn-yíyí ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìmọ̀tà ti fẹ́ ta tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀. A yọ disk náà, a fi SSD sí i, a gbé RAM rẹ̀ dé 8GB. Windows kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, òun ló sì fi ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà mi, ẹ jọ̀wọ́, fóònù ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní printer HP kékeré tí mo fi ń tẹ rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù. Ṣé Linux yóò gbà wọ́n?

Tíṣà Yorùbá, Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ti fóònù, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi wáyà USB so ó, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, ó máa ń mú un láìbéèrè ohunkóhun, kódà bí Wi-Fi kò bá tíì ṣiṣẹ́. Ti printer, HP ní ètò tí wọ́n ń pè ní HPLIP fún Linux, ọ̀pọ̀ lára printer wọn ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú tiyín, ẹ fi sí ibí kí n bá yín wò ó nínú àkọsílẹ̀ HPLIP. Bó bá ṣeé ṣe, mo máa kọjá ní Sábó lọ́jọ́ Sátidé, mo lè mú fláàṣì mi dání, kí a dán an wò lórí kọ̀ǹpútà yín ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.