Ilé ìjọsìn amọ̀ ní abúlé tí ó ń dahoro lẹ́bàá Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin: ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a wó o?

Ọmọ Kétu ní Kútọnu

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní abúlé bàbá mi, ní ọ̀nà Ìlárá, ilé ìjọsìn Àgùdà (Kátólíìkì) kékeré kan wà tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi páànù bò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ènìyàn a máa jókòó dé ìta lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde. Lónìí, ilé méje péré ni èéfín ti ń jáde láàárọ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Kútọnu àti Èkó, àwọn mìíràn sì wà nídìí oko kòkó ní Nàìjíríà. Opó katikíìsì wa, olùkọ́ ẹ̀sìn nínú ìjọ, ni ó ṣì ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, rímù ọkọ̀ tí a ń lù bí agogo sì wà lára igi máńgòrò síbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, a dá owó jọ, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà níta kí ó lè lágbára. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lóṣù tí ó kọjá, sìmẹ́ńtì náà ti là, ó sì ti wú kúrò lára ògiri. Mo ki ọwọ́ bọ ibi tí ó là: amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ó sì ń ya lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹbí kan ní kí a wó o, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Kí ni ẹ rí sí i?

Mọlémọlé Àjàṣẹ́

Ẹ má wó o. Sìmẹ́ńtì tí ẹ fi rẹ́ ẹ gan-an ni ó ń pa á. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà a sì máa gba ojú ògiri jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì ni kì í jẹ́ kí ó rí ọ̀nà, yóò wá sé e mọ́ inú, yóò máa rọ amọ̀ náà títí ìsàlẹ̀ kò fi ní lè ru òkè mọ́. Mo ti rí i lára ilé àwọn Àgùdà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo (àwọn tí baba wọn ti Bùràsíìlì dé ni mo ń wí, kì í ṣe ìjọ yín).

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ihò kan ṣoṣo lára páànù tó láti wó ògiri kan. Kí ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá yí ilé náà ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ rọra ṣí sìmẹ́ńtì náà kúrò láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú. Amọ̀ ibẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ po koríko gbígbẹ mọ́ ọn, kí ó sì wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi omi tí a fi se èèpo èso igi irú wọ́n ọn. Àwọn ará Àtàkórà, ní àríwá Benin, ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé wọn, òjò kì í sì tètè wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò máa tún un rẹ́ láti ìgbà dé ìgbà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Níbi àtúnrẹ́ yẹn ni wàhálà wà. Ta ni yóò rẹ́ ẹ nínú ilé méje? Àwa náà tún tiwa ṣe. Kò pé ọdún mẹ́ta tí koríko fi gba ẹnu ọ̀nà, tí àwọn olè sì jí irin rélùwéè tí a fi ń ṣe agogo gbé lọ. Bí mo bá jẹ́ yín, ìwé ìrìbọmi ni n óò kọ́kọ́ gbé lọ sí ìjọ ńlá, nítorí fún ọ̀pọ̀ arúgbó, òun nìkan ni ìwé tí ọjọ́ orí wọn wà nínú rẹ̀.

Bàbá Kétu

Ọmọ mi Ṣábẹ̀ẹ́, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ahoro kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Kétu fúnra rẹ̀ dahoro ní 1886 nígbà tí ogun Dàhòmì kó o. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé borí Gbẹ̀hànzìn, ọba Dàhòmì, ni àwọn tí ó kù padà wá. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, bí àwọn Faransé ti ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin sí iṣẹ́ ológun, àwọn kan kó tìdílétìdílé kọjá sí apá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amọ̀ ni ògiri Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ó sì dúró di òní nítorí pé a ń bò ó lórí.

Ẹ bi opó yẹn bóyá wọ́n kọ́ ilé náà ṣáájú 1928, ọdún tí Thomas Moulero, ọmọ Kétu, di Fádà, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì (bí àwọn Faransé ti ń pe gbogbo ilẹ̀ Benin nígbà náà). Kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí ti bíṣọ́ọ̀bù Àjàṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹbí.

Ọmọ Kétu ní Kútọnu

Mo dúpẹ́, bàbá. Mo ti pe ìyá náà lórí fóònù. Wọ́n ní lẹ́yìn 1928 ni, àti pé oyún àwọn ni ìyá wọn ní nígbà tí ó ń pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, láti odò tí ó jìnnà. A óò gbé ìwé ìrìbọmi lọ sọ́dọ̀ Fádà lọ́sẹ̀ yìí, a óò sì tọrọ àṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ti tán. Mọlémọlé, bí ẹ bá lè bá wa débẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ibùsùn wà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé omi mímu dání.