Bí ìjì àti àgbàrá bá jọ ba ilé jẹ́, ṣé adójútòfò máa sanwó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Etí odò nilé mi wà, ìjì kì í sì í fi wá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò méjì ni mo ń wò. Ti àkọ́kọ́ kò wọ́n, àmọ́ òjò tó bá gba òrùlé tí ìjì ṣí wọlé nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Omi tó gba ilẹ̀ wọlé kò kàn wọ́n. Èkejì gba méjèèjì, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bà jẹ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ ru àdánù tó tó ìdá 5 nínú 100 iye ilé náà, kí wọ́n tó san ìyókù.

Mo bi aṣojú àkọ́kọ́ pé tí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lóru kan náà ńkọ́? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú owó yìí rí, ta ló ń pinnu èyí tó ba ilé jẹ́, ẹ̀rí wo ni wọ́n sì ń béèrè?