Kí ni òṣùpá ń wá nínú mōr?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ "pápá òṣùpá" tí ẹ ní ká máa pe ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní moor, bíi Dartmoor ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn England, ẹnu mi ò gbà á. Ẹ ní mōna (òṣùpá) àti mōr (moor òde òní) inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ ọmọ ìyá, pé torí òṣùpá ń tàn yòò lórí ilẹ̀ gbalasa ni. "N" wá ńkọ́? Ta ló jí i gbé?

"N" yẹn kì í ṣe àlejò nínú mōna. Jámánì ń pe òṣùpá ní Mond, àwọn ará Netherlands ní maan. Ó wà níbẹ̀ digbí. Inú mōna náà ni mōnaþ, ìyẹn oṣù, ti jáde, àti mōnandæg tó bọ́ sí Ajé tiwa. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Jarrow, ti kọ ọ́ ní 725 pé ara òṣùpá ni àwọn èèyàn òun ti fa orúkọ oṣù yọ. Wọ́n tiẹ̀ pe oṣù kan ní Winterfilleth, torí òṣùpá àrànmọ́jú oṣù yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìgbà òtútù wọlé.

Mōr ní tiẹ̀, ilẹ̀ tó rin ṣìnkìn tí kò ṣeé dáko ni. Ẹ̀yin ará London, ẹ̀ ń gba Moorgate kọjá. Ẹnubodè odi ìlú ni tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí Moorfields, àbàtà paraku. William FitzStephen, àlùfáà tó kọ̀wé nípa London, ròyìn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá: tí omi ibẹ̀ bá dì, àwọn ọ̀dọ́ á so egungun ẹran mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ lórí yìnyín. Òṣùpá wo ló wà níbẹ̀? Dartmoor ga lóòótọ́, àmọ́ omi kún abẹ́ koríko rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀nà á rì dé orúnkún.

Ẹni tó dá "àkùrọ̀" lábàá fún moor náà ṣì í. Ta ló ń gbin ẹ̀fọ́ sí Dartmoor nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Àwọn àgbà tó tọ́ mi ò jẹ́ kí o pe irà lásán ní àkùrọ̀. Wọ́n á ní kí o lọ gbin tètè sí i wò. "Ọ̀dàn" sì gbẹ jù. Èmi fara mọ́ "àbàtà òkè", bó tilẹ̀ jẹ́ pé Moorfields kò ní òkè kankan.

Ẹ ní ẹ ti pẹ́ nídìí kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. A gbọ́, a sì bọ̀wọ̀. Ọjọ́ orí ò sọ r di n.

Ẹ jọ̀ọ́, oṣù ni, kì í ṣe "òṣù" tí ẹ ń kọ káàkiri. Ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìbátan tòótọ́, ṣé a kì í sọ pé "oṣù lé" tí òṣùpá tuntun bá yọ? Ibẹ̀ ni àwa àti Bede ti pàdé.

Ti "-pá" inú òṣùpá, tí ẹnì kan ní orí pípá ni: ohùn bá a mu, àmọ́ mi ò tíì gbà. Kó mú ẹ̀rí wá.