Káàdì àwìn wo ló bá ìnáwó mi mu? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Houston
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí èmi àti ọkọ mi ti ń fà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé ni mò ń ṣe ní Houston. Ọkọ̀ ni mo fi ń lọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, epo tí mò ń jó kì í ṣe kékeré. Káàdì tí mo fi owó ìdógò $200 gbà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo ṣì ń lò. Wọ́n ti dá $200 yẹn padà fún mi tipẹ́, àmọ́ káàdì ọ̀hún kì í fún èèyàn ní èènì kankan, kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Kírẹ́díìtì mi, ìyẹn máàkì tí báńkì fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ti wọ 730 báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gba irú tòun, èyí tí owó ọdún rẹ̀ lé ní $600, tó ń jẹ́ kó wọ yàrá ìgbafẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ mi ní ọdún méjì méjì la ń lọ sílé, kí ni mo fẹ́ lọ fi yàrá ìgbafẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí díẹ̀, mi ò kàn tíì sọ fún un ni. Èwo ni kí n gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dallas
Ọkọ yín gbọ́n o. $600 nítorí ẹyin díndín àti bisikíìtì!

Olùṣirò Chicago
Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé káàdì báyìí ló yẹ yín tí kò bá tíì rí ibi tí owó yín ń gbà jáde. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìnáwó oṣù mẹ́ta tó kọjá, kì í ṣe ti káàdì nìkan, ti báńkì náà. Ọjà oúnjẹ lọ́tọ̀, epo ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó iná àti fóònù lọ́tọ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi gan-an ti ń rò pé oúnjẹ àjẹsíta ló ń gbọ́n owó mi lọ, àṣé Costco ni, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń ra ọjà lọ́pọ̀.

Àdùkẹ́ Houston
Mo jókòó tì í lálẹ́ àná. H-E-B àti Aldi, àwọn supermarket tí mo ti ń ra oúnjẹ, $420 lóṣù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa tí mo ti ń ra iṣu, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, $150. Costco, $180. Epo ọkọ̀, $260 (ẹ ò rí i pé mi ò parọ́). Píísà àwọn ọmọ, $60. Iná, fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì àti ínṣọ́ránsì ọkọ̀, $650. Mi ò ka owó ilé mọ́ ọn, torí onílé wa ń gba 3% lé e lọ́wọ́ ẹni tó bá fi káàdì san án.

Olùṣirò Chicago
Ó jẹ́ $1,720 lóṣù, $20,640 lọ́dún. Ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò ní ìnira: káàdì kan ṣoṣo tó ń dá 2% padà lórí gbogbo nǹkan, tí kì í gba owó ọdún, bíi Wells Fargo Active Cash tàbí Citi Double Cash. $412.80 nìyẹn lọ́dún láìronú nǹkan kan. Àmọ́ Mastercard ni ti Citi yẹn, Visa nìkan sì ni káàdì àwìn tí Costco ń gbà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Amẹ́ríkà. Ti Wells Fargo, Visa ni.

Bẹ́ ẹ bá lè fara da wàhálà káàdì méjì, ẹ fi ti Amex (ìyẹn American Express) kún Visa yẹn. Blue Cash Preferred ń dá 6% padà lórí ọjà supermarket, títí ìnáwó yín á fi dé $6,000 lọ́dún, lẹ́yìn náà ó di 1%. Ó ń dá 3% padà ní ilé epo. Owó ọdún rẹ̀ $95. Àbúrò rẹ̀, Blue Cash Everyday, kì í gba owó ọdún. 3% ló ń dá padà ní supermarket àti ní ilé epo. Mo ti bá yín ṣe é: Preferred àti Visa, $550.60 lẹ́yìn tá a ti yọ $95 kúrò. Everyday àti Visa, $494.40. Nítorí $56 lẹ ṣe máa san $95 sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ń ná tó $264 lóṣù ní supermarket, kó má tiẹ̀ wo ọ̀nà Preferred.

Ní ti káàdì ọ̀rẹ́ yín, ó dára fún ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé inú bàálù. Ẹ̀yin kọ́.

Ìyá Ìbejì Atlanta
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Odidi ọdún kan ni mo fi káàdì 6% yẹn ra ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù ará ilé wa kan, gbogbo ọkàn mi ló balẹ̀. Ìgbà tí mo wo àkọsílẹ̀, 1% ni mò ń gbà! Mo pe báńkì. Wọ́n ní àwọn kì í wo ohun tó wà nínú báàgì mi, kóòdù tí wọ́n fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ làwọn ń wò. 5411 ni ti supermarket. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lè wà lábẹ́ 5499, ìyẹn oúnjẹ oríṣiríṣi, kóòdù yẹn ò sì sí lára ohun tí 6% wà fún. Walmart àti Costco náà ò sí lára ẹ̀, bó ti wù kí ìrẹsì tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ fi káàdì ra maggi lásán níbẹ̀, kẹ́ ẹ dúró wo ohun tí wọ́n máa kọ sí i.

Arábìnrin Peckham
Ẹ̀ ń gbádùn o. Níbí ní London, ìjọba ti fi gbèdéke lé owó tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí káàdì àwìn, kò gbọ́dọ̀ ju 0.3% lọ. Ibẹ̀ ni èènì yín ti ń wá, tiwa ti gbẹ. 6% kẹ̀!

Bàbá Maryland
Àdùkẹ́, ọmọ mi, ohun kan wà tí wọn ò tíì bi ọ́. Ṣé gbèsè wà lórí káàdì tó o ní lọ́wọ́ yìí?

Tún gbọ́ èyí. Má fi káàdì àwìn fowó ránṣẹ́ sílé. Lọ́dún tí ìyá mi ṣàìsàn, mo fi $800 ránṣẹ́ lórí áàpù kan. Báńkì mi kà á sí pé owó kéèṣì ni mo yá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yọ owó iṣẹ́, èlé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí pé wọ́n á dúró dìgbà tí àkókò ìsanwó bá pé. Èènì ò sì sí.

Àdùkẹ́ Houston
Ẹ ṣé, sà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Gbèsè $2,300 wà lórí ẹ̀ láti ìgbà tá a ti sin ìyá ọkọ mi. Iye tó kéré jù tí wọ́n ní kí n san náà ni mò ń san lóṣooṣù. 27% ni èlé ẹ̀.

Olùṣirò Chicago
Háà, Aunty! Ẹ má bínú, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè. 27% lórí $2,300, nǹkan bí $621 lọ́dún nìyẹn. Gbogbo èènì tá a ti ń là wá ṣirò látẹ̀yìn wá, $550 ni.

Ẹ pa ọ̀rọ̀ Amex tì ná. Àwọn káàdì kan ń jẹ́ kéèyàn kó gbèsè wá sọ́dọ̀ wọn láìsí èlé fún oṣù 15 sí 18, wọ́n á sì gba 3% sí 5% lórí ẹ̀. Ká ní 5% ni, gbèsè yín á di $2,415. Ẹ máa san $161 lóṣù fún oṣù 15, ó tán. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fi káàdì yẹn ra ọjà, torí èlé lè wà lórí ọjà tuntun. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé gbà á, ẹ wo orí ìkànnì báńkì bóyá wọ́n á gbà yín; wíwò lásán yẹn kì í dín kírẹ́díìtì kù.

Àdùkẹ́ Houston
Mo fi han ọkọ mi. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ìgbà tó yá ló rán mi létí pé àjọ tí àwa obìnrin mẹ́wàá ń dá, $200 lóṣooṣù, èmi ló kàn láti kó $2,000 lóṣù tó ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Lagos ni mo ti ní lọ́kàn. Gbèsè yẹn ló ń lọ báyìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni màá fi san èyí tó kù. Tó bá tán, Visa 2% yẹn nìkan ni màá gbà, màá sì ní kí báńkì máa fa gbogbo owó tí mo bá fi káàdì ná lóṣù yọ nínú àkáǹtì mi fúnra wọn. Amex àti 6% rẹ̀ á dúró dè mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dallas
Ẹ kú orí ire, Aunty. Ẹ jọ̀ọ́, àjọ ẹlẹ́ni mẹ́wàá yẹn, ṣé ẹ̀ ń gba ọkùnrin?