Àyà ọmọ mi ń súfèé: ṣé ó ti jogún asthma bàbá rẹ̀ ni?

Ìyá Tiwa: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún méjì. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú un, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, pàápàá lóru. Láti kékeré ni ara ti ń yún un ní kọ́rọ́ apá àti ẹ̀yìn orúnkún. Asthma yọ ọkọ mi lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ ṣì ń lo inhaler títí dòní. Èmi AA, ọkọ mi AS, mo ti rò pé kò séwu. Mo tún ti lóyún báyìí. Ṣé àyẹ̀wò kankan wà tó lè sọ bóyá àwọn ọmọ mi á ní in? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Màmá Ìbejì: Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Àwọn ìbejì mi jọra débi pé bàbá wọn gan-an ń ṣì wọ́n pè. Ọ̀kan ní asthma, èkejì ò ní.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Ìyá Tiwa, AA àti AS ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Jíìnì (àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí) kan ṣoṣo ló ń fa fòníkú-fọ̀ládìde, ìyẹn ni àyẹ̀wò yẹn ṣe ń rí i. Jíìnì tó ń dá sí asthma pọ̀ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, nítorí náà kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ pé ọmọ báyìí á ní in. Ní 2007, àwọn onímọ̀ rí ibì kan lórí chromosome 17 (ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó gbé jíìnì), níbi tí jíìnì ORMDL3 wà, tó bá asthma ọmọdé tan. Àwọn ìdílé Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni wọ́n yẹ̀ wò. Lára àwa tí a jẹ́ ìran Áfíríkà, ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí pé ẹ̀jẹ̀ tiwa kì í sábà sí nínú irú ìwádìí yìí.

Bí òbí kan bá ní in, ewu rẹ̀ fún ọmọ pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ àwọn méjèèjì, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara yíyún náà sábà máa ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méjì tí àyà wọn ń súfèé ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé mẹ́fà. Ẹ fi fóònù ká fídíò bó ṣe ń mí lóru, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ọmọdé, kí ẹ sì ro ìtàn ìdílé yín fún un.

Bàbá Fèyí: Èmi náà ní in, ọmọ mi kan sì jogún ún. A gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, a pa kọ́ìlì ẹ̀fọn tì, nẹ́ẹ̀tì la ń lò. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú oyún yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Tiwa: Ẹ ṣé púpọ̀. Àwọn kan ní inhaler máa ń di bárakú fún ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Rárá o. Bí dókítà bá kọ ọ́, wọ́n á fún yín ní ike gbọọrọ tó ní ìbòmú láti fi lò ó fún un. Ṣùgbọ́n bí egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tàbí tí kò lè jẹun tàbí sọ̀rọ̀, tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.